Elliott, káúńtì tó fi ogóje ọdún dìbò fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1972, Richard Nixon ti Republican lu George McGovern ti Democrat bí ẹni lu bàrà nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 49 ni Nixon kó nínú 50. Massachusetts àti ìlú Washington nìkan ló kù fún McGovern. Àwọn ará South Dakota pàápàá, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i. Àmọ́ láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky, káúńtì kékeré kan wà (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì níbẹ̀, ó lé ní 60 tó jẹ́ ti McGovern. Elliott lorúkọ káúńtì náà.

Ọdún 44 lẹ́yìn náà, ní 2016, Elliott yìí kan náà fún Donald Trump ní ìbò 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1872 títí dé 2012, olùdíje ẹgbẹ́ Republican kankan ò borí níbẹ̀ rí nínú ìdìbò ààrẹ, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Láti 2016 wá, Democrat kankan ò sì tíì borí níbẹ̀ mọ́ fún ipò yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú. Tí ọdún ìdìbò bá ti dé, àwọn ẹbí wa tó wà ní Houston àti Maryland á fi máàpù ránṣẹ́ lórí WhatsApp: pupa ló bo gbogbo àárín rẹ̀, búlúù wà létí òkun àti níbi tí àwọn ìlú ńlá wà. Kíá la ó ti parí èrò sí pé àwọn ará oko Amẹ́ríkà, Republican ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Irọ́ ni. Mo mú Elliott torí pé kò sí ibòmíì tí irọ́ yẹn ti tú fó tó ibẹ̀.

Àwọ̀ orí máàpù yẹn pàápàá ò tíì pẹ́. Ìdìbò ọdún 2000, èyí tí George W. Bush àti Al Gore fà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ni pupa fi di ti Republican, tí búlúù sì di ti Democrat lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Kó tó dìgbà yẹn, bó ṣe wu tẹlifíṣọ̀n kálukú ló ń kùn ún. Ohun kejì ni pé ilẹ̀ kì í dìbò. Kentucky ní káúńtì 120, orí máàpù sì lè mú kí Elliott dà bí ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020 jẹ́ 7,354. Jefferson, káúńtì tí ìlú Louisville wà, lé ní 780,000. Sandy Hook tó jẹ́ olú-ìlú Elliott, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan.

Nínú 7,354 yẹn gan-an, ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ṣí ní 2005, Little Sandy, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n inú rẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n ń kà wọ́n mọ́ ará káúńtì, wọn ò sì lè dìbò. Ẹni tó bá wo ìwé ìkànìyàn, tó rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní Elliott, tó wá ń wá ìbò wọn, inú ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn mọ ibi tí iye kan ti wá kó tó fi sọ̀rọ̀.

Ibo wá ni Democrat ti wọ Elliott?

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865. Kentucky gba kí wọ́n máa lo ẹrú, síbẹ̀ kò bá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ya kúrò. Àwọn ọmọ rẹ̀ jà níhà méjèèjì. Ẹbí kan náà lè ní ọmọ lápá àríwá àti ọmọ lápá gúúsù. Nígbà tí ogun parí, ìhà tí bàbá rẹ wà ló sọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wàá wà. Àwọn tó bá Abraham Lincoln ṣe di Republican. Àwọn tí ìṣẹ́gun àríwá dùn lọ́kàn di Democrat. Ọdún 1869 ni wọ́n gé Elliott jáde lára Carter, Lawrence àti Morgan, ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ John Milton Elliott, adájọ́ tó ti jókòó nílé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nígbà ogun. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ ibi tí ọkàn wọn wà.

Mi ò ní fi òótọ́ pamọ́: ẹgbẹ́ Democrat ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tí kò fẹ́ kí ọmọ ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira dìbò. Ẹni tó bá rò pé Democrat 1872 àti Democrat 2012 jẹ́ ohun kan náà torí pé orúkọ wọn jọra, ó ti ṣìnà látìbẹ̀rẹ̀.

Wá wo Káúńtì Jackson, tó wà lórí àwọn òkè Kentucky kan náà. Tálákà ni wọ́n bíi ti Elliott, aláwọ̀ funfun ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ Jackson ti bá Lincoln lọ nígbà ogun. Láti ìgbà yẹn títí di òní, Republican ni Jackson ń dìbò fún láti di ààrẹ. Franklin Roosevelt, ààrẹ Democrat tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo Amẹ́ríkà ní 1936, kò rí Jackson kó. Tí owó àpò tàbí àwọ̀ ara bá ni gbogbo àlàyé, káúńtì méjèèjì yìí ì bá máa dìbò bákan náà. Fún ogóje ọdún, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀ dà bí oríkì: wọ́n bí ẹ sí i ni.

Ogún nìkan kọ́ ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láyé àtijọ́ ọdún 1930, ìjọba Roosevelt gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn tó ń gbin tábà. Ìjọba á sọ ìwọ̀n tí oko kọ̀ọ̀kan lè gbìn kí ọjà má baà kún jù. Wọ́n á sì dá iye owó kan dúró tí tábà ò ní rẹlẹ̀ jù ú lọ. Tábà tí wọ́n ń pè ní burley ni ti ìlà-oòrùn Kentucky. Kò gba ilẹ̀ púpọ̀. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí tírákítọ̀ ò lè wọ̀ dáadáa, lè ní éékà tábà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun ni owó gidi kan ṣoṣo tí ìdílé ń rí lọ́dún. Wọ́n á gé e lápá ìparí ìgbà ooru tiwọn, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, wọ́n á so ó rọ̀ sínú abà títí á fi gbẹ, wọ́n á wá kó o lọ sọ́jà nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san gbèsè ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n fi ń ra bàtà ọmọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe Kérésìmesì. Ìdílé tó bá mọ ẹgbẹ́ tó fi òfin yẹn lélẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá wàásù fún un.

Ètò tábà yẹn wà títí di ìgbà tí ilé aṣòfin ní Washington fòpin sí i ní 2004. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó sì parí ní 2014. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìsopọ̀ mọ́ láàárín oko bàbá ẹni àti ẹgbẹ́ bàbá ẹni. Mi ò sọ pé ìyẹn nìkan ló yí Elliott padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀kan lára okùn tó so wọ́n mọ́ Democrat ti já kí Trump tó dé rárá, àwọn oníròyìn tó ń sáré kiri ní 2016 kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró wò ó.

Ibi tó máa ń dà wá rú jù rèé: ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀, ìbò lọ́tọ̀. Ní Kentucky, tó o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n á bi ẹ́ pé ẹgbẹ́ wo lo wà, ìdáhùn rẹ á wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ sí Democrat nìkan ló lè dìbò abẹ́lé Democrat. Republican náà bẹ́ẹ̀. Tó o bá fẹ́ yí padà, o gbọ́dọ̀ ti ṣe é kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú tó kọjá. Ní ibi bí Elliott, ìdìbò abẹ́lé Democrat ni ìdìbò gidi fún ipò ilé. Ta ló máa jẹ́ sheriff, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì? Ta ló máa jẹ́ akọ̀wé káúńtì, tó ń fún èèyàn ní ìwé ìgbéyàwó àti nọ́ńbà ọkọ̀? Ta ni wọ́n á yàn ṣe ọ̀gá ẹ̀wọ̀n káúńtì? Ní Kentucky, ìbò ni wọ́n fi ń yan ìyẹn náà. Oṣù karùn-ún ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí, nínú ìdìbò abẹ́lé, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà Republican ò tilẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnu òun ká ọ̀rọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ jẹ́ Democrat lórí ìwé, ohun yòówù kó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ẹni tó wà ní Washington.

Ìyẹn ló fà á tí akọsílẹ̀ fi ń fi Elliott hàn bí ilé Democrat pọ́ńbélé nígbà tí ọkàn ti ń kúrò. Ẹ tọ ìbò ààrẹ tí Democrat rí níbẹ̀ lẹ́yìn: John Kerry rí bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2004. Barack Obama rí 61 ní 2008. Obama yìí kan náà rí 49 ní 2012, Mitt Romney ti Republican rí 47. Ìbò bí ọgọ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ní 2016, Hillary Clinton rí 26. Bí ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ láti inú ni. Ọjọ́ tó wó ni ará ìta mọ̀.

Ṣé torí pé Obama jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni? Ìbéèrè yìí yẹ kéèyàn dáhùn láìyí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín 2004 àti 2008, Democrat lọ sókè káàkiri Amẹ́ríkà, àmọ́ ní Elliott, ńṣe ló lọ sílẹ̀ bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ káúńtì tó wà láàárín òkè Appalachia. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ò sí níbẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni káúńtì yìí, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ń dìbò nínú rẹ̀, mú ọkùnrin dúdú yẹn borí. Hillary Clinton, aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti dìbò fún Bill ọkọ rẹ̀ ní 1992 àti 1996, ni wọ́n wá kọ̀ lákọ̀tán. Àwọ̀ ara ò lè ṣàlàyé ìyẹn tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2012 àti 2016 sún mọ́ ilé. Ní oṣù kẹfà 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, obìnrin lè fẹ́ obìnrin, níbi gbogbo. Ní Rowan, káúńtì tó bá Elliott pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, akọ̀wé káúńtì Kim Davis kọ̀ láti fún wọn ní ìwé ìgbéyàwó. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ márùn-ún ní oṣù kẹsàn-án, ní Carter, tó bá Elliott pààlà ní àríwá. Democrat ni Kim Davis. Orí ìwé Democrat ló fi wọlé ìbò ní ọdún tó ṣáájú. Oṣù yẹn gan-an ló sọ pé òun ti di Republican. Ohun tí àwọn ará agbègbè náà ti máa ń gbọ́ nínú ìròyìn Washington, pé ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ẹgbẹ́ yín mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, oyún ṣíṣẹ́ àti ìbọn, wá di ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Ní oṣù kejìlá 2015, ilé iṣẹ́ irin ńlá tó wà ní Ashland pa ààrò ìyọ́rin rẹ̀, ó sì dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ sílé. Kì í ṣe inú Elliott ló wà, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn káúńtì yíká máa ń wakọ̀ lọ ṣe láàárọ̀, kí wọ́n lè padà sí ilẹ̀ bàbá wọn lálẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hillary Clinton sọ̀rọ̀ ní Ohio. Ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe máa mú iṣẹ́ tuntun wá sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀, àmọ́ gbólóhùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ awakùsà èédú àti iléeṣẹ́ èédú la máa lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa, òótọ́ ni pé ó ń ṣèlérí ìrànlọ́wọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan ló dé orí àwọn òkè. Èédú ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Elliott fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ èédú, àna wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò 2016 yẹn gan-an. Rocky Adkins, ọmọ Sandy Hook, ti wà nílé aṣòfin Kentucky lórúkọ Democrat láti 1987. Lọ́jọ́ tí Trump gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní káúńtì rẹ̀, Republican gba ilé aṣòfin kékeré Kentucky fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1921. Olórí ilé náà pàápàá, Democrat, pàdánù ìjókòó rẹ̀. Adkins kò pàdánù tiẹ̀. Àwọn kan náà tó dìbò fún Trump ló dìbò fún un. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ojú ọ̀nà tó bá wọn béèrè fún. Olùdìbò tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ya wèrè, kò sì jẹ́ alágàbàgebè. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi í, ó dáhùn méjèèjì.

Ní 2019, Andy Beshear du ipò gómìnà lórúkọ Democrat. Bàbá rẹ̀, Steve Beshear, ni gómìnà tó fi Medicaid, ìyẹn ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún tálákà, dé ọ̀dọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn Kentucky láti 2014. Gómìnà tó wà lórí oyè, Matt Bevin, Republican, ti bá àwọn tíṣà jà lórí owó ìfẹ̀yìntì wọn, ó sì fẹ́ fi òfin iṣẹ́ kún Medicaid. Beshear borí rẹ̀ pẹ̀lú ìbò bíi 5,000 nínú ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Elliott wà lára àwọn káúńtì tó mú un. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Trump rí bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ní Elliott, Joe Biden rí bí 24. Tíṣà, ilé ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì ni ìdìbò 2019. Ìdìbò 2020, ìbéèrè “ta ni wá?” ni.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ ibi tí irú káúńtì bẹ́ẹ̀ ń lọ, ipò ilé ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, pàápàá tí ẹni tí wọ́n mọ̀ bá kúrò níbẹ̀. Adkins fi ilé aṣòfin sílẹ̀ ní ìparí 2019 láti lọ di olùdámọ̀ràn Beshear. Ní oṣù kejì 2020, wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, Republican kan tó ń jẹ́ Richard White ló sì wọlé. Ìjókòó tí Democrat kan dì mú fún ọdún 32 lọ láàárín oṣù díẹ̀. Kentucky tún gbà kí olùdìbò fi àmì kan ṣoṣo yan gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé ìbò. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, Democrat nìkan ni àmì yẹn ń ṣe lóore ní Elliott. Ní báyìí, Republican ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ní oṣù keje 2022, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sí Republican ju ti Democrat lọ ní gbogbo Kentucky, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ náà ti ń kà á. Àwọn oníròyìn pè é ní ìyípadà ńlá. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì láti yí orúkọ ẹgbẹ́ wọn padà, ìbò ti lọ ṣáájú láti ìgbà pípẹ́. Ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a.